Ilé Ìtura Ìkógòsì: Ẹ̀kọ́ Lára Omi Gbígbóná àti Omi Tútù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lórí ètò yìí kan àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń kó ara wọn jọ sínú ọkọ̀ lọ wo àwọn ibi tí ó lórúkọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú àwọn ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lọ, yálà láti Agbowó ní iwájú Yunifásítì, tàbí láti Bódìjà, tàbí láti Ring Road, ọ̀kan pàtàkì ni ìsun omi Ìkógòsì ní ilẹ̀ Èkìtì, pẹ̀lú ilé ìtura tí ó wà létí rẹ̀. Wọ́n á lọ, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà wálé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ẹni tí ó ti lọ léèrè pé kí ni ó mú omi náà gbóná, báwo ni ó ṣe gbóná tó, kí sì ni ìdí tí a fi ń pe ibi tí ó sùn sí ní ilé ìtura, ìdáhùn rẹ̀ kì í sábà dá ṣáká. Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a ó tú palẹ̀. A ó sì fi ìkẹrin kún un, èyí tí ó wúwo ju àwọn yòókù lọ: kí ni ó yẹ kí àlejò mọ̀ kí omi náà má baà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́?

Ibi tí Ìkógòsì wà

Ìkógòsì jẹ́ ìlú kan ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Arámọkọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Láti 1967 títí di 1976, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà, Ìbàdàn níhìn-ín sì ni ibùjókòó ìjọba náà. Nígbà tí a pín ìpínlẹ̀ yẹn ní 1976, Ìkógòsì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá 1996, ó di ti Èkìtì. Nítorí náà, bí ará Ìbàdàn bá ń lọ sí Ìkógòsì, kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì ni ó ń lọ. Ọ̀nà Ifẹ̀ ni yóò gbà já sí Iléṣà, kí ó tó kọrí sí agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Arámọkọ. Láti Iléṣà lọ ni yóò ti máa rí i pé ilẹ̀ ń yí padà: òkè ń ga sí i, ọ̀nà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, afẹ́fẹ́ sì ń tutù. Kí olùkọ́ pe àkíyèsí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sí àwọn òkè wọ̀nyí dáadáa, nítorí pé inú wọn ni àṣírí omi náà wà.

Ní ibi ìsun náà, omi méjì ni ó ń ṣàn. Ọ̀kan ń jáde láti ẹsẹ̀ òkè, ó gbóná mọ́ ènìyàn lára. Èkejì ń bọ̀ láti orísun mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀, ó tutù. Abẹ́ igi ńláńlá ni wọ́n ń gbà kọjá títí wọn yóò fi pàdé, tí wọn yóò sì jọ máa lọ lójú odò kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá dúró sí ibi tí wọ́n ti pàdé lè kó ẹsẹ̀ kan sínú omi gbígbóná, kí ó kó ẹsẹ̀ kejì sínú omi tútù. Ohun tí ó mú kí orúkọ Ìkógòsì kàn nìyẹn. Nínú omi gbígbóná yìí ni a sì ti ń fa omi sí adágún tí àwọn àlejò ilé ìtura ti ń wẹ̀.

Ta ni ó ṣàwárí rẹ̀?

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ẹ ó kà á pé òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John McGee, ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni ó ṣàwárí omi náà ní 1952. Ó yẹ kí a dá ọ̀rọ̀ yìí dúró kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ó sọnù, tàbí ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ni a ń ṣàwárí. Àwọn ará Ìkógòsì mọ omi wọn kí òyìnbó tó dé. Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀, tí a ó mẹ́nu bà láìpẹ́, jẹ́rìí sí i. Ohun tí òjíṣẹ́ náà ṣe ni pé ó jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́ nípa rẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ṣe ibẹ̀ ní ibùdó tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń péjọ. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ó sì yẹ kí a fi iyì rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé pé òun ni ó “polongo” omi náà, kí ó má kọ ọ́ pé òun ni ó “ṣàwárí” rẹ̀. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó ya ìtàn tí a sọ nípa wa sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn tí àwa fúnra wa lè jẹ́rìí sí.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba kọ́ àwọn ilé àlejò síbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibẹ̀ gbèrú, ó sì tún rẹ̀yìn. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín 2010 sí 2014, ìjọba Èkìtì tún ibẹ̀ ṣe lọ́nà tí ó gbòòrò.

Kí ni ó mú omi náà gbóná?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó rò pé òkè oníná kan ń jó lábẹ́ Ìkógòsì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kúọ́tísáìtì ni ó pọ̀ jù nínú òkè tí omi náà ti ń jáde, òkúta tí ó ti wà láti ìgbà tí ẹ̀dá abẹ̀mí tí a lè fi ojú rí kò tí ì pọ̀ láyé. Òkúta yìí le, ṣùgbọ́n ó sán. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí òkè, apá kan omi rẹ̀ a máa gba ojú sísán wọ̀nyí wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnàjìnnà. Bí a bá sì ti ń sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i. Ní gbogbo ayé, bí a bá ṣe àròpọ̀ rẹ̀ kí a pín in dọ́gba, ooru ilẹ̀ a máa fi nǹkan bíi 25°C sí 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òkúta àtayébáyé bíi ti ilẹ̀ wa, ó lè má tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lé sí i síbẹ̀síbẹ̀. Omi tí ó lọ sísàlẹ̀ yìí yóò gba ooru ilẹ̀ sára. Nígbà tí ó bá rí ojú sísán mìíràn tí ó gbé e gòkè, tí ó sì tètè gòkè kí ooru ara rẹ̀ tó tán, yóò tú jáde ní ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ìgbóná lára.

Omi tútù tirẹ̀ kò lọ jìnnà. Abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ ni ó rìn kí ó tó jáde, ìdí nìyẹn tí ooru ìsàlẹ̀ kò fi kàn án. Òjò kan náà ni ó lè bí omi méjèèjì; ìrìn àjò wọn ni kò dọ́gba.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé omi méjèèjì kì í pò pọ̀ láéláé, pé gbígbóná ń gbóná lọ, tútù sì ń tutù lọ títí ayé. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé etí ibi tí wọ́n ti kan ara wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pò pọ̀, nítorí pé omi náà kò jìn, kò sì ru. Fún ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan yóò máa gbóná ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń tẹ̀ lé odò náà lọ sísàlẹ̀, ooru yóò ti ara gbígbóná bọ́ sí ara tútù títí wọn yóò fi dọ́gba. Ìṣesí ooru níbi gbogbo nìyẹn, Ìkógòsì kò sì yàtọ̀.

Báwo ni ó ṣe gbóná tó?

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ti olùkọ́ gan-an. Nínú ìwé ìléwọ́ àti lẹ́nu àwọn tí ń mú àlejò kiri, ẹ ó gbọ́ pé omi náà gbóná tó 70°C ní ojú ìsun rẹ̀, pé ìgbà tí ó bá pàdé omi tútù ni ó ń rọlẹ̀ sí 37°C. Àkọsílẹ̀ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, láti nǹkan bí 1969 wá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi 37°C tàbí 38°C ni wọ́n rí ní ojú ìsun fúnra rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ìwé wọn lọ́wọ́ pàápàá lè fi làákàyè yanjú rẹ̀. Omi tí ó tó 70°C yóò bó ènìyàn lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹni tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kí ó máa rẹ́rìn-ín fún ẹni tí ń ya fọ́tò. Bí a bá gbé ẹyin adìyẹ sínú omi 70°C kí a fi í sílẹ̀ pẹ́, funfun rẹ̀ yóò dì. Bí a bá gbé e sínú omi 38°C, kò ní jinná títí di ọjọ́ alẹ́. Kódà, nǹkan bíi 37.5°C ni àwọn òṣìṣẹ́ adìyẹ ń ṣètò ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin sí. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ooru dání, kí ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi ní ojú ìsun, ní ibi ìpàdé, àti ní ìsàlẹ̀ odò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Iye mẹ́ta tí ó fúnra rẹ̀ wọ̀n sàn ju ọgọ́rùn-ún tí ó gbọ́ lẹ́nu ènìyàn lọ.

Kì í sì ṣe pé 38°C tàbùkù Ìkógòsì. Ìsun Wikki tí ó wà nínú igbó ẹranko Yankari ní Bauchi kò ju 31°C lọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń ti òkèèrè wá wẹ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ilé ìtura olómi gbígbóná ti pọ̀ lọ súà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1948 sọ pé omi tí ó bá ti tó 25°C ní ojú ìsun ti yẹ ní pípè ní ìsun gbígbóná. Èyí tí ó wà ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ará Róòmù ti kọ́ ilé ìwẹ̀ sí ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, jẹ́ 46°C. Nítorí náà Ìkógòsì ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò nílò kí a bá a purọ́.

Ìtàn orogún méjì

Ìtàn tí a ń gbọ́ ní Ìkógòsì ni pé ọdẹ kan ní ìyàwó méjì. Ìyáálé àti ìyàwó yìí kò jọra ní ìwà: ọ̀kan a máa gbaná jẹ, èkejì jẹ́ oníwà tútù. Ìjà wọn kò tán nílẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi di omi, tí ọkọ wọn sì di òkè tí ó dúró tì wọ́n. Onínúfùfù ni omi gbígbóná, oníwà tútù sì ni omi tútù.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn wa yóò rí i pé ìtàn yìí ní ẹbí. Ọya, Ọ̀ṣun àti Ọbà, àwọn aya Ṣàngó, ni a sọ pé wọ́n di odò, wọ́n sì wà lórí ilẹ̀ títí di òní. Nínú ìtàn Ọ̀ṣun àti Ọbà, ìjà orogún kò parí nínú omi, nítorí wọ́n ní ibi tí odò méjèèjì ti pàdé a máa ru gùdù. Ti Ìkógòsì yàtọ̀. Níbẹ̀, àwọn tí ilé kan kò gbà ni odò kan gbà. Ìtàn náà kò sọ fún wa bí omi ṣe ń gbóná, kò sì yẹ kí a bi í léèrè ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìwà méjì tí kò jọra lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan pa èkejì run. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ lítíréṣọ̀ lè dúró létí omi kan náà, kí oníkálùkù kọ́ni ní tirẹ̀, láìsí pé ọ̀kan fi èkejì ṣẹ̀fẹ̀.

Ilé ìtura àti omi gbígbóná

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ọ̀rọ̀ èdè. “Ìtura” ni orúkọ tí a fi ń pe òtẹ́ẹ̀lì: ilé tí ara ti ń tu ènìyàn. Inú “tù” àti “ara” ni a ti mú un jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti mú “ìtùnú” jáde láti inú “tù” àti “inú”. Ó ṣòro kí a má rí ìbátan “tù” yìí pẹ̀lú “tutù”. Lójú Yorùbá, ohun tí ó dára ni ó máa ń tutù: oníwà tútù, onínú tútù, ìlú tí ó tòrò tí ó sì tutù. Ohun tí kò dára ni ó sábà máa ń gbóná: ara gbígbóná ni ibà, ìlú gbóná nígbà tí ogun tàbí rògbòdìyàn bá wọ̀ ọ́, “ilẹ̀ gbígbóná” sì ni àwọn àgbà fi ń dá orúkọ ìgbóná, àrùn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni omi gbígbóná ṣe di ohun ìtura? Ìdáhùn wà nínú àṣà wa fúnra rẹ̀. Nígbà tí aboyún bá bímọ, kì í ṣe omi tútù ni àwọn ìyá àgbà fi ń tọ́jú rẹ̀. Aṣọ tí a rì bọ inú omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ níkùn, tí yóò sì sọ pé ara tu òun. Ẹni tí ó ti oko dé pẹ̀lú ara ríro, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó ń wá. Èyí fi hàn pé orí ìgbóná tàbí ìtutù ohun tí ó kan ara kọ́ ni ọ̀rọ̀ “ìtura” dúró lé. Orí ipò tí ara wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Omi Ìkógòsì kò ju ooru ara ènìyàn tí ó jẹ́ 37°C lọ púpọ̀. Nítorí náà ara kì í bá a jà, kì í gbóná sí i, kì í sì gbọ̀n.

Èdè wa tún lè ràn wá lọ́wọ́ lórí àsọdùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. “Gbóná” gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, láti orí omi ẹ̀kọ tí ń hó títí dé omi ìwẹ̀ ọmọdé. Ẹni tí ó bá gbọ́ “omi gbígbóná” kò ní pẹ́ rò pé ó ń hó. Ṣùgbọ́n a ní ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu gẹ́lẹ́: omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “ìsun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́” sínú ìwé rẹ̀, ó ti sọ òtítọ́, ó sì ti sọ ọ́ ní Yorùbá tí ó gún régé.

Ṣé ó ń woni sàn?

Àwọn kan gbà pé omi náà ń wo àrùn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Franklin Roosevelt, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ṣàìsàn ní 1921, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ní 1924, ó lọ sí ilé ìtura àtijọ́ kan ní Warm Springs ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí omi ìsun ti jẹ́ nǹkan bíi 31°C. Nínú omi náà, ó rí i pé òun lè gbé ẹsẹ̀ tí òun kò lè gbé lórí ilẹ̀. Ní 1926 ó ra ibẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ibi tí àwọn tí irú àìsàn rẹ̀ ṣe ti ń gba ìtọ́jú. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní 1945. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò tún lè dá rìn láìsí ìrànlọ́wọ́. Omi gbé ara rẹ̀ fúyẹ́, ooru tú iṣan rẹ̀ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Èyí pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn. Ohun kan náà ni kí a sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nípa Ìkógòsì: ẹni tí ara ń ro lè rí ìtura níbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣàìsàn, kí ó má pa oògùn dókítà tì nítorí omi.

Ìtọ́jú omi náà

Bí a bá kọ́ ilé ìtura sórí òkè Mókọ́lá, bí wọ́n ti kọ́ Premier ní 1966, òkè náà kò ní lọ. Bí ilé náà bá tilẹ̀ bàjẹ́, a lè tún un kọ́, ojú Ìbàdàn yóò sì tún hàn láti ibẹ̀. Ti Ìkógòsì kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni ó mú ilé wá. Bí omi bá bàjẹ́, ilé náà ti di òfo. A sì ti rí i pé òjò tí ń wọ inú òkè ni ó ń bọ́ ìsun. Bí a bá gé igbó orí òkè tán, òjò yóò máa ṣàn lọ lórí ilẹ̀ dípò kí ó wọlé. Bí a bá gbẹ́ ṣáláńgá tàbí kòtò ìdọ̀tí sí òkè ìsun, omi tútù tí kò rìn jìnnà lábẹ́ ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà á sára. Bí àlejò bá ń fi ọṣẹ wẹ̀ ní ojú ìsun, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni yóò mu ún. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ilé ìtura tí ó bá gbàgbé òkè tí ń bọ́ ọ kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó ń múra láti kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe nǹkan mẹ́rin. Kí ó kọ́ wọn ní ọ̀nà tí omi ń gbà kí wọ́n tó gbéra. Kí ó mú ẹ̀rọ ìdíwọ̀n ooru dání. Kí ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn orogún méjì náà lẹ́nu ọmọ ìlú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ní ìparí, kí ó kó wọn gòkè díẹ̀ ju ojú ìsun lọ, kí wọ́n wo igbó tí ó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ilé ìtura nípa bí wọ́n ṣe ń kó ìdọ̀tí wọn kúrò. Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ àlejò kì í bèèrè, òun sì ni yóò pinnu bóyá àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí yóò bá omi náà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní omi la bù wẹ̀, omi la bù mu, omi kì í ní ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí àwa náà má ṣe ọ̀tá omi.